Ta Ni Baba Ńlá Wa? Ìbéèrè Tí Àwọn Ọ̀mọ̀wé Románíà Ń Fi Ìwé Dáhùn

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1989, nígbà tí àwọn ará ìlú Bucharest, olú-ìlú Románíà, dìde lòdì sí ìjọba Nicolae Ceaușescu, tí ìbọn sì ń ró lákọlákọ ní àárín ìgboro, iná ràn mọ́ ilé ìkówèésí ńlá ti Yunifásítì, èyí tí Ọba Carol Kìíní dá sílẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kí iná náà tó kú, ìwé tí ó lé ní 500,000 ti di eérú, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 3,700 ìwé àfọwọ́kọ tí kò ní ẹlẹgbẹ́ níbòmíràn bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n yìnbọn pa Ceaușescu àti ìyàwó rẹ̀. Bí ìjọba Kọ́múnísìtì ṣe dópin ní ilẹ̀ náà nìyẹn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé sì dúró lórí eérú, tí wọ́n ń wo ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe iná yìí ni ó kọ́kọ́ fi ìyà jẹ ìwé ní Románíà. Fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, ìjọba ni ó ni gbogbo ilé ìtẹ̀wé, ìjọba náà ni ó sì ń pinnu ohun tí ojú òǹkàwé yóò rí. Ní ọdún 1983, àṣẹ jáde pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ taipuráítà gbọ́dọ̀ lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, kí ó sì tẹ àpẹẹrẹ lẹ́tà ẹ̀rọ náà fún wọn, kí ó má baà ṣòro láti mọ ibi tí ìwé ìkọ̀kọ̀ kan bá ti wá. Ní ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rín tí ó ju ẹkún lọ. Elena Ceaușescu, ìyàwó olórí orílẹ̀-èdè, tí kò kàwé jìnnà ní kékeré, gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ kẹ́místírì ní ọdún 1967, a sì ń tẹ ìwé jáde ní orúkọ rẹ̀ títí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba náà ṣubú tán ni àwọn onímọ̀ kẹ́místírì tó jẹ́wọ́ pé àwọn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ tí ìyáàfin náà fi ń gba oríyìn. Ṣùgbọ́n ilé ìwádìí ìmọ̀ ìṣirò ti Akadẹ́mì Románíà, níbi tí àwọn ojúlówó onímọ̀ wà, ìjọba kan náà ti tì í pa ní ọdún 1975. Ọdún 1990 ni wọ́n tó tún un ṣí.

Ìmọ̀ ìtàn ni ó jìyà jù. Ní ọdún 1980, ìjọba Ceaușescu pe gbogbo orílẹ̀-èdè jọ láti ṣe àjọ̀dún 2,050 ọdún tí Burebista, ọba àwọn ará Dacia àtijọ́, ti dá ìjọba kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà. Ìlù dún, àsíá fẹ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ìwé. Kò sí àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan tí ó dárúkọ ọdún tí Burebista bẹ̀rẹ̀ ìjọba bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọba? Olórí tí ó fẹ́ kí a máa wárí fún òun nìkan nílò baba ńlá tí òun náà nìkan ń pàṣẹ, àwọn òpìtàn sì wá baba ńlá náà fún un.

Láìpẹ́ sí ìgbà tí ìjọba náà wó, ní oṣù Kejì ọdún 1990, ọlọ́gbọ́n orí kan tí ń jẹ́ Gabriel Liiceanu gba iléeṣẹ́ tí ń tẹ ìwé òṣèlú fún ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di iléeṣẹ́ atẹ̀wé Humanitas. Nínú àwọn yàrá tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ Ceaušescu ni a wá ń tẹ ìwé àwọn tí Ceaušescu fòfin dè. Ní ọdún 1995, iléeṣẹ́ Polirom bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Iași ní ìhà ìlà-oòrùn. Láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìmọ̀ tí ó mi Románíà láti ìgbà náà ti ń jáde. Bí a bá sì wo àwọn ìwé náà dáadáa, ìbáà ṣe ti ìtàn, ìbáà ṣe ti ẹ̀sìn, ìbáà ṣe ti sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè kan ni púpọ̀ nínú wọn ń yí ká: ta ni baba ńlá wa, ta sì ni ọmọ ilé?

Kí òǹkàwé tó lè mọ ìdí tí ìbéèrè náà fi gbóná bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ní ọdún 106 lẹ́yìn ìbí Kristi, Trajan, ọba Róòmù, ṣẹ́gun Decebalus ọba Dacia, ó sì sọ ilẹ̀ náà di agbègbè Róòmù. Kò tó ọdún 170 lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù kó ẹrù wọn, tí wọ́n sì padà sí gúúsù odò Danube. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kọjá tí àkọsílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun kan nípa àwọn tí ó kù síbẹ̀. Nígbà tí ojú tún là, àwọn ènìyàn kan ń gbé ibẹ̀ tí èdè wọn jẹ́ ọmọ èdè Látìnì, bí ti Ítálì àti ti Faransé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń sọ èdè Slav àti ti Húngárì ni ó yí wọn ká. Ṣé ọmọ Róòmù ni wọ́n ni, àbí ọmọ Dacia tí ó gba èdè ẹni tí ó ṣẹ́gun wọn? Ṣé wọn kò ṣí kúrò níbẹ̀ rí, àbí wọ́n ti gúúsù gòkè wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn Húngárì ti máa ń sọ? Ìdáhùn tí ẹnì kan bá mú lè sọ ẹni tí ó ni Transylvania, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣeré.

Ní ọdún 1997 ni Lucian Boia, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Bucharest, gbé ìwé kan jáde ní Humanitas tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìtàn àti Ìtàn Ìwásẹ̀ nínú Ọkàn Àwọn Ará Románíà. Boia kò fi ìwé náà dáhùn ìbéèrè ta ni baba ńlá wa. Ó yí ìbéèrè náà padà. Ó ní kí a wo bí ìdáhùn ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, kí a sì béèrè ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan ń wá. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn ará Románíà tí ń gbé Transylvania wà lábẹ́ àwọn ọlọ́lá Húngárì, ọmọ Róòmù pọ́ńbélé ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọn sọ pé àwọn jẹ́, nítorí ẹni tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nílò baba tí ó lórúkọ. Nígbà tí orílẹ̀-èdè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tán, a bẹ̀rẹ̀ sí rántí Dacia, pé àwa náà ní onílẹ̀. Nígbà tí Ceaușescu ń fẹ́ láti dá dúró láàrin àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́múnísìtì, Dacia gba gbogbo ojú ọ̀run.

Apá tí ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn jù nínú ìwé náà ni ọ̀rọ̀ Mihai Viteazul. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní Románíà ni ó mọ̀ pé ní ọdún 1600 ọba akíkanjú yìí kó Wallachia, Transylvania àti Moldavia sábẹ́ àṣẹ kan fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n tó pa á ní ọdún 1601. Àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sọ pé ó ṣe é láti so àwọn ọmọ Románíà pọ̀. Boia ní ọba tí ń wá ilẹ̀ kún ilẹ̀ ni, bí àwọn ọba ìgbà rẹ̀. Èrò pé kí gbogbo ẹni tí ń sọ èdè kan wà ní orílẹ̀-èdè kan, ìgbà tirẹ̀ kò ì tí ì dé. Àríwísí yìí lágbára, ó sì nira láti já a, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé Boia máa ń yára jù nígbà mìíràn, tí ó ń kó ìrántí tí ó ní ẹ̀rí àti èyí tí kò ní pọ̀ sínú agbọ̀n kan.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ jáde kúrò ní yàrá àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1999, ìwé ìtàn tuntun kan fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, èyí tí Sorin Mitu ti ìlú Cluj ṣe olórí àwọn tí ó kọ ọ́, ya àwọn akíkanjú àtijọ́ ní ìlà díẹ̀ péré, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àlàyé bí ìmọ̀lára orílẹ̀-èdè ṣe ń wáyé. Ariwo ta. Wọ́n jà lórí rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n jà lórí rẹ̀ nínú ilé aṣòfin. Sẹ́nétọ̀ Sergiu Nicolaescu ní kí wọ́n dáná sun ìwé náà ní gbangba. Ó yẹ kí a mọ̀ pé òṣèré àti olùdarí sinimá ni Nicolaescu kí ó tó di sẹ́nétọ̀, òun ni ó sì ṣe sinimá nípa àwọn ará Dacia ní ọdún 1967 àti ti Mihai Viteazul ní ọdún 1971, àwọn sinimá tí ọ̀pọ̀ àgbà Románíà ti kọ́ ìtàn baba ńlá wọn. Ọdún mẹ́wàá péré ni ó ti kọjá lẹ́yìn tí ilé ìkówèésí jóná nígbà tí ọ̀rọ̀ dídáná sun ìwé tún wọ ilé aṣòfin.

Kì í ṣe ariwo nìkan ni a fi dá Boia lóhùn. Ní ọdún 2002, Ioan-Aurel Pop, òpìtàn láti Cluj tí ó mọ ìwé Látìnì ìgbà àárín bí ẹni mọ owó, kọ ìwé odindi kan láti tako o. Pop, tí wọ́n fi jẹ ààrẹ Akadẹ́mì Románíà ní ọdún 2018, gbà pé òpìtàn kò lè rí òtítọ́ tán, ṣùgbọ́n ó ní èyí kò sọ ọ́ di dandan kí a jókòó kí a máa pe gbogbo ìrántí ní àròsọ. Ẹ̀rí ń bẹ, iṣẹ́ òpìtàn sì ni láti wá a. Àwọn òǹkàwé ka ìwé méjèèjì. Kí ọ̀mọ̀wé méjì máa fi ìwé ja ìjà irú èyí, tí ọlọ́pàá kò sì sí nídìí rẹ̀, ohun tuntun gbáà ni ní ilẹ̀ náà.

Ẹnì kan wà nínú àwọn òpìtàn wọ̀nyí tí ó yẹ kí àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà mọ̀. Bucharest ni wọ́n bí Neagu Djuvara sí ní ọdún 1916. Ó lọ sójú ogun, ó fara gbọgbẹ́ ní ẹ̀bá Odesa ní ọdún 1941, ó sì di òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1944 ni wọ́n rán an ní iṣẹ́ lọ sí Stockholm, ní ọjọ́ gan-an tí Románíà kẹ̀yìn sí Jámánì. Kò lè padà sílé mọ́, nítorí àwọn Kọ́múnísìtì gba ìjọba. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ní Paris, ó kọrí sí Niger, aládùúgbò Nàìjíríà ní ìhà àríwá, ní ọdún 1961, nígbà tí òmìnira ilẹ̀ náà kò ì tí ì ju ọdún kan lọ. Ọdún 23 ni ó lò ní Niamey. Ó jẹ́ olùdámọ̀ràn fún iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Niger, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní òfin àárín orílẹ̀-èdè àti ìtàn ọrọ̀ ajé. Ní ọdún 1990, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó padà sí ilé.

Ìwé kékeré tí ó kọ ní ọdún 1999, èyí tí ó fi sọ ìtàn Románíà fún àwọn ọ̀dọ́ bí ìgbà tí bàbá àgbà bá jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ nílé lóko, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní àtúntẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó kọ ní ọdún 2007, nígbà tí ó ti pé ẹni 90 ọdún, ni ó fa awuyewuye. Basarab Kìíní ni a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ Wallachia. Òun ni ó ṣẹ́gun ọba Húngárì ní Posada ní ọdún 1330. Ìwé àṣẹ ọba Húngárì kan tí a kọ ní ọdún 1332 pè é ní ọmọ Thocomerius. Djuvara ní Thocomerius kì í ṣe orúkọ Látìnì, kì í ṣe orúkọ Slav. Orúkọ àwọn Cuman ni, ẹ̀yà darandaran ẹlẹ́ṣin tí ó ti pápá ìlà-oòrùn wá, tí èdè wọn sì bá ti Tọ́kì tan. Ó ní Basarab fúnra rẹ̀, orúkọ Cuman ni. Ìtumọ̀ èyí ni pé àlejò ni ó dá ilé sílẹ̀ fún onílé! Ọ̀pọ̀ òpìtàn kò gbà fún un, wọ́n ní orúkọ nìkan kò tó láti fi mọ ẹ̀yà ẹni, àtakò wọn sì ní ìdí. Djuvara kò ká ọwọ́ kò títí ó fi kú ní ọdún 2018, ní ẹni ọdún 101. Kò ṣòro láti rò pé ọkùnrin tí ó ti gbé láàrin Hausa, Zarma, Fúlàní àti Tuareg fún ọdún 23 kò ní ka á sí àbùkù pé ẹ̀jẹ̀ àlejò wà nínú ìdílé ọba.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ará Dacia ní òrìṣà kan tí ń jẹ́ Zalmoxis. Ohun tí ayé mọ̀ nípa rẹ̀, díẹ̀ ni kò ti ọwọ́ Herodotus wá, òpìtàn Gíríìkì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi. Herodotus sọ pé àwọn Getae, tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn ará Dacia, gbà pé àwọn kì í kú. Ọ̀dọ̀ Zalmoxis ni ẹni tí ó bá papòdà ń lọ. Lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin, wọn a fi kèké yan ońṣẹ́ kan, wọn a sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún un nígbà tí ó ṣì wà láàyè, wọn a sì sọ ọ́ sókè kí ó bọ́ sórí ọ̀kọ̀ mẹ́ta. Bí ó bá kú, òrìṣà gba ẹbọ. Bí kò bá kú, wọn a ní ènìyàn búburú ni, wọn a sì wá ońṣẹ́ mìíràn. Herodotus tún gbọ́ lẹ́nu àwọn Gíríìkì etí òkun pé ẹrú ọlọ́gbọ́n Pythagoras ni Zalmoxis tẹ́lẹ̀. Pé nígbà tí ó gba òmìnira tí ó sì padà sílé, ó gbẹ́ yàrá kan sí abẹ́ ilẹ̀, ó sá pamọ́ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, àwọn ènìyàn rẹ̀ sunkún rẹ̀ bí òkú, ó sì tún yọ sí wọn ní ọdún kẹrin. Herodotus fúnra rẹ̀ kò fi gbogbo ara gba ìtàn yìí. Ó ní ó dà bí ẹni pé Zalmoxis ti wà pẹ́ ṣáájú Pythagoras.

Lórí ojú ewé díẹ̀ yìí ni a ti kọ́ ilé gogoro. Mircea Eliade, ọmọ Románíà tí ó di olókìkí nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn ní Chicago, kọ ìwé lórí Zalmoxis ní ọdún 1970. Àwọn mìíràn lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní Zalmoxis ti fi Ọlọ́run kan ṣoṣo han àwọn baba ńlá wọn kí Kristi tó dé, àti pé ìdí nìyẹn tí ẹ̀sìn Kristi fi yára ta gbòǹgbò níbẹ̀. Ní ọdún 2008, ọ̀dọ́ òpìtàn kan, Dan Dana, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní Polirom. Ó tọ ipasẹ̀ Zalmoxis láti ọ̀dọ̀ Herodotus títí dé ọ̀dọ̀ Eliade, ó sì pè é ní òrìṣà àwáwí nínú àkọlé ìwé náà: òrìṣà tí olúkúlùkù fi ń bojú láti sọ ti inú ara rẹ̀. Àwọn Gíríìkì fi í sọ̀rọ̀ nípa Pythagoras, àwọn ọmọ òde òní sì fi í sọ̀rọ̀ nípa Románíà. Nípa ohun tí àwọn Getae fúnra wọn gbà gbọ́, Dana fi hàn pé ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa kéré gan-an. Sùúrù tí ó wà nínú ìwé yìí pọ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn ń tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rí parí sí ni.

Bí ó bá ṣe orúkọ baba ńlá nìkan ni àwọn ìwé wọ̀nyí ń wádìí, à bá ní eré àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìwé ìtàn kò kà mọ́ ọmọ ilé rárá. Ní ọdún 1998, Viorel Achim tẹ ìwé lórí àwọn ẹ̀yà Roma nínú ìtàn Románíà. Láti inú ìwé náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Románíà ti kọ́kọ́ mọ̀ pé oko ẹrú ti wà ní ilẹ̀ wọn fún nǹkan bí ọdún 470. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún 1385, nígbà tí ọba Wallachia fi àṣẹ sí i pé ogójì ìdílé Roma jẹ́ ti ilé àwọn mọ́ńkì ní Tismana. Ọba ní ẹrú, àwọn ọlọ́lá ní ẹrú, ilé Ọlọ́run náà sì ní ẹrú. A ń tà wọ́n, a ń fi wọ́n ṣe ìdána ọmọ, a ń pín ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Ọdún 1855 ni Moldavia fi òpin sí i, Wallachia sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1856. Nǹkan bí 250,000 ènìyàn ni ó gba òmìnira. Ní ọdún 2011, ìjọba Románíà fi òfin ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ fún ìrántí.

Ti àwọn Júù tún wúwo ju èyí lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, ìjọba Románíà sọ ní gbangba pé ìparun àwọn Júù kò ṣẹlẹ̀ nínú ààlà ilẹ̀ òun. Nígbà tí ayé bú sí i, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ àwọn òpìtàn kalẹ̀, ó sì fi Elie Wiesel, ọmọ bíbí Sighet ní Románíà tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní ọdún 1986, ṣe olórí rẹ̀. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún 2004, Polirom sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Júù tí ó kú lábẹ́ àwọn aláṣẹ Románíà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wà láàrin 280,000 sí 380,000, àti pé ẹ̀yà Roma tí ó tó 11,000 kú pẹ̀lú wọn. Ìwé náà kò dùn ún kà. Ìjọba tí ó ti sọ pé kò sí nǹkan gba á wọlé.

Sáyẹ́ǹsì ni ó sọ èyí tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ baba ńlá. Ní oṣù Kejì ọdún 2002, àwọn tí ń wá inú ihò àpáta kiri ní òkè Carpathia, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Románíà, gba abẹ́ omi kọjá sínú ihò kan tí egungun béárì kún bámú. Wọ́n rí egungun àgbọ̀n ènìyàn níbẹ̀. Peștera cu Oase ni wọ́n pe ibẹ̀, èyí ni Ihò Egungun. Nígbà tí wọ́n wọn ọjọ́ orí rẹ̀, ó tó nǹkan bí 40,000 ọdún, ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù lọ tí a tíì rí ní Yúróòpù nínú irú ènìyàn òde òní, ìyẹn irú àwa yìí, tí ó ti Áfríkà jáde lọ. Ní ọdún 2013, Silviu Constantin, onímọ̀ ihò àpáta láti ilé ìwádìí Emil Racoviță ní Bucharest, pẹ̀lú Erik Trinkaus àti João Zilhão, ṣe àkójọ ìwé ńlá kan lórí ihò náà: ilẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀, béárì rẹ̀ àti egungun ènìyàn inú rẹ̀. Ìwé tí kò ṣe ìyangàn ni, ìwọ̀n àti àwòrán ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ yọ DNA láti inú egungun àgbọ̀n náà. Wọ́n rí i pé láàrin ìdá 6 àti ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ọkùnrin náà jogún ti ọ̀dọ̀ àwọn Neanderthal wá, ìyẹn irú ènìyàn mìíràn tí ó ti gbé Yúróòpù kí irú tiwa tó dé, tí ó sì ti parẹ́. Baba ńlá rẹ̀ kan tí ó jẹ́ Neanderthal kò ju ìran mẹ́rin sí mẹ́fà lọ sí i. Àlejò àti onílé ti fẹ́ ara wọn níbẹ̀, ní 40,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n sì fi DNA rẹ̀ wé ti àwọn ará Yúróòpù òde òní, ti Románíà pẹ̀lú, wọn kò rí àmì pé àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ogún kan tí ó ṣe pàtàkì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.